Ojú Ìyá Rájí àti Òṣèré Tó Sunkún Nítorí Rẹ̀

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Alábẹ́rẹ́,
                                        Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó,
                                        Ìsàlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Okúdù, ọdún 2025.

Mariyah, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi bí ìyá ò tilẹ̀ pa wá pọ̀,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìlọrin lọ́hùn-ún? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó rọ́ nígbà tí ẹ ń kó ẹrù ti san? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbà pé o mọ ọbẹ̀ sè, àbí wọ́n ṣì ń sọ pé ata Èkó ti pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ? Ẹ kú ọdún Iléyá o, ẹ kú ìyèdún, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Khairiyyah ọmọ mi ti ga jù mí lọ báyìí, ó sì ti ń bá mi fa aṣọ wọ̀. Iṣẹ́ tíṣà ń lọ, ṣọ́ọ̀kì ń bò mí lára bíi ti àtijọ́.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ bíi gbogbo ayé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba ohùn náà sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á rẹ́, torí igbe ni mò ń ké, àwọn ará ilé sì ń yọjú wò mí. Inú ń bí mi, Mariyah. Inú ti ń bí mi láti oṣù kejì ọdún, kò sì tíì rọ̀. Mo ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, bóyá màá lè sọ ọ́ bó ṣe tò.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Rájí ni. O ti gbọ́ fìrífìrí pé ojú ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìyá Rájí tó kọ́ èmi àti ìwọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú, tó fi ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣe iṣẹ́ ọrùn agbádá fún gbogbo ọkọ ìyàwó tó mọ iyì ara rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ni kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́ lọ́dún tó kọjá. Láàárọ̀, kí àwọn ọmọ ilé wa níbí tó lọ sílé ìwé, wọ́n á ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, wọ́n á gún gbogbo rẹ̀ mọ́ aṣọ kan, èyí ni Ìyá Rájí á máa yọ lò títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi rò pé ọjọ́ orí ni, ẹ̀rín ni mo tilẹ̀ fi ń rín. Ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọrùn agbádá kan tí apá kan ga ju èkejì lọ, tí oníbàárà dá a padà, ni mo tó fà wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà ní gulakómà ni. Ó ní omi inú ojú ló ń le, tó ń tẹ iṣan tí a fi ń ríran pa díẹ̀díẹ̀, àti pé ojú ọ̀tún ló burú jù. Èyí tí àìsàn náà bá ti mú lọ, ó ti lọ nìyẹn. Iṣẹ́ abẹ kàn lè dá èyí tó kù dúró ni. Oṣù Ọ̀pẹ la wà nígbà yẹn. Ó ní kí a rí i pé a ṣe é kí ààwẹ̀ Ràmàdáánì tó wọlé.

O mọ bí ẹgbẹ́ alásàlátù wa ṣe ń ṣe, kò tíì yí padà. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, Àlhájà Àlímọ̀t, Ìyá Àdínì wa, á tẹ́ aṣọ funfun sáàárín, oníkálukú á ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ ohun tí ẹnì kejì fi síbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo là ń dá sàráà náà fún títí ọ̀rọ̀ onítọ̀hún á fi yanjú. O sì rántí òfin tí àwọn ìyá wa fi lélẹ̀: bí ẹnì kan bá dìde níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní òun nìkan lòun máa gbé bùkátà náà, gbogbo ẹgbẹ́ á yọwọ́, nítorí a kì í bá ènìyàn du láádá rẹ̀. Lórí Ìyá Rájí la wà. Ó ku díẹ̀ kó pé, Wàláì, ó ku díẹ̀.

Èmi ni mi ò ní sùúrù. Mo ń wo ètò kan lórí tẹlifíṣàn tí wọ́n ń pè ní Ẹ Ràn Wọ́n Lọ́wọ́, níbi tí àwọn òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀ ti ń lọ bá àwọn aláìsàn nílé. Mo kọ̀wé sí wọn, mo fi àwòrán Ìyá Rájí sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kọ́lá fi pè mí pé àwọn ń bọ̀, àti pé Ẹniọlá làwọn ń mú bọ̀. Ẹniọlá náà nìyẹn, òṣèré tó máa ń ṣe ìyàwó ilé tí wọ́n ń fìyà jẹ. Mo pariwo, ilé pariwo, àdúgbò gbọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa wá, Ìyá Rájí gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, wọ́n ṣe bí ọmọ Èkó ṣe ń ṣe. Wọ́n gbá pálọ̀, wọ́n jó tùràrí, wọ́n din mọ́sà sínú àwo, wọ́n wá wọ léèsì aláwọ̀ ewé tí Rájí rà fún wọn nígbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé. Kọ́lá wọlé, ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ló bá ṣojú rẹrẹ.

Ó ní, "Ah, mummy ti fresh jù now! Àwọn viewers ò ní gbà pé wọ́n ń ṣàìsàn. Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bá wa wá wrapper kan tó ti gbó díẹ̀. Ẹ sì jẹ́ ká lo ẹ̀yìnkùlé, pálọ̀ yìí ti bright jù."

Ìyá Rájí ní, "Àlejò ń bọ̀ wá kí mi, ẹ ní kí n wọ àkísà? Ilé ta ni wọ́n ti kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

Mariyah, èmi ni mo kúnlẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé nítorí Ọlọ́run, ọjọ́ kan péré ni, kí wọ́n ṣáà wọ ìró ìdáná. Wọ́n wò mí, wọ́n wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún?

Nígbà tí Ẹniọlá máa fi dé, oòrùn ti yí. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ọmọ náà ní ìwà, ó kúnlẹ̀ kí àgbà, ó jẹ mọ́sà, ó ní kò tíì jẹ irú ẹ̀ rí. Wọ́n gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ tàǹkì omi, níbi tí ọ̀dà ti ṣí kúrò lára ògiri, ó jókòó ti Ìyá Rájí, ó dì wọ́n lọ́wọ́ mú, ló bá bú sẹ́kún. Ni jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá dún. Kọ́lá ní kí wọ́n dúró. Ẹniọlá nu ojú, ó bu omi mu, ó dúró títí wọ́n fi lọ bẹ onílé kó pa jẹnẹrétọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ ẹkún padà láti ibi tó bá a dé. Ó kọjú sí kámẹ́rà, ó ní, "Mummy, ẹ má sunkún mọ́. Operation ojú yín, èmi Ẹniọlá ni màá ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má dààmú mọ́. It is done!" Gbogbo wa ké Alihamudulilai. Èmi sunkún ju òun lọ. Kí ẹ̀kúnwọ́ omi tó gbẹ nílẹ̀, wọ́n ti kó kámẹ́rà wọn sínú ọkọ̀, wọ́n ti lọ.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé e jáde. Pálọ̀ kún, àwọn tí kò ráyè wọlé ń wò ó láti ojú fèrèsé. Bí Ẹniọlá ṣe ń sunkún, àwọn ọ̀rọ̀ kékeré kan ń sáré kọjá nísàlẹ̀ tẹlifíṣàn lédè òyìnbó. Nínú gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀ yẹn, èmi tíṣà ni mo lè ka ìwé sáré jù. Ṣé o mọ ohun tí mò ń ṣe? Mò ń wá ara mi nínú àwòrán. Wọ́n ti gé mi kúrò, ìgbọ̀nwọ́ mi nìkan ló ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàǹkì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Àlhájà Àlímọ̀t ò tẹ́ aṣọ funfun. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣeun. Ọmọlúàbí kan ti jáde lójú gbogbo ayé pé òun ló máa ṣe é. Láádá ti di tiẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yọwọ́." Ìyá Rájí fúnra wọn ló dìde tó ní kí a gbé èyí tí a ti dá nílẹ̀ fún abiyamọ kan ní Ìta Fájì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. Kò sí ẹni tó jiyàn. Èmi náà ṣe àmín.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nìyẹn. Mo bá pe Kọ́lá, ó ní, "Ó ti wà nínú process, ma." Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní Àǹtí Ẹniọlá wà ní location, kò sí network níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní kí a tún ìwé dókítà fi ránṣẹ́. Mo rí i pé Ìyá Rájí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tọ́ ògiri bí wọ́n bá ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo lọ bá àwọn ará àdúgbò pé kí a tún dá nǹkan jọ, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín: "Ẹni tí Ẹniọlá ń tọ́jú, àwa la tún fẹ́ bá a dá sàráà? Tíṣà, ẹ má jẹ ẹ́ lọ́nà méjì o." Àwọn ẹbí wá láti Ìjẹ̀bú, kì í ṣe wọ́n wá ran Ìyá Rájí lọ́wọ́, wọ́n gbọ́ pé nǹkan ti ṣẹnuure ni. Rájí ní tiẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Apọ́ńgbọ̀n, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ìró tó ya lára ìyá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àǹtí Taslimah, ṣé mọ́mì mi ò láṣọ ni? Ẹ ti sọ wọ́n di alágbe lójú ayé." 

Nígbà tó sú mi, mo gba ọ́fíìsì wọn lọ. Kọ́lá ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi hàn mí. Aláìsàn mẹ́ta ni wọ́n gbé jáde lóṣù yẹn, Mariyah. Ìbò ni àwọn tó ń wòran máa ń dì, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣagbátẹrù ètò náà máa ń tọ́jú. Ìyá Rájí ló ṣe ìkẹta. Gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ì bá dìbò fún wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ pé ìbò wà. Mo ní Ẹniọlá ńkọ́, ẹni tó ní òun máa ṣe é? Ó ní, "Ah, ma, ohun tí a kọ fún wọn ni wọ́n kà now. Ambassador ni wọ́n. Àwọn kọ́ ló ń ṣe operation. Gbogbo ẹ̀ wà nísàlẹ̀ screen, ma."

Nísàlẹ̀ screen. Èyí tó ń sáré kọjá nígbà tí mò ń wá ìgbọ̀nwọ́ mi.

Mo kọ̀wé sí Ẹniọlá lórí Instagram. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mo ní bóyá kò mọ̀. Àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé, bí ẹni ń gbàdúrà, ló fi dá mi lóhùn. Ta ni mo fẹ́ bínú sí? A kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápepe, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí mi ò mọ èwo ni oníjà. Ọmọ yẹn ka ohun tí wọ́n kọ fún un. Kọ́lá ń ṣe iṣẹ́ oṣù rẹ̀. Èmi ni mo kọ lẹ́tà, èmi ni mo kúnlẹ̀ nítorí ìró, èmi ni mi ò ka òyìnbó ìsàlẹ̀ yẹn.

Ààwẹ̀ wọlé. Nígbà tí mo sọ òtítọ́ fún Àlhájà Àlímọ̀t, wọ́n ní, "Ẹnu ènìyàn la fi ń gba ènìyàn gbọ́. Àwa ò ṣe àṣìṣe tó ju ìyẹn lọ." Wọ́n tún aṣọ funfun tẹ́. Ṣùgbọ́n àti bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kì í ṣe eré. Ẹ̀yìn ọdún Ìtúnu ààwẹ̀ la tó rí iṣẹ́ abẹ náà ṣe, ojú ọ̀tún sì ti lọ pátápátá. Ti òsì ló kù, òun náà ò ju kí wọ́n rí ohun tó bá sún mọ́ wọn. Dókítà ní yóò dúró bẹ́ẹ̀, kò ní burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Ìyá Rájí ti kó gbogbo abẹ́rẹ́ wọn fún ọmọ kan tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ nígbà kan rí.

Èyí tó tún wá da ọkàn mi rú nìyí. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe lábẹ́ afárá ní Apọ́ńgbọ̀n, Tàófíìkì lorúkọ rẹ̀, gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ odidi ìdì kan wá sílé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Rájí. Bàbá rẹ̀ fọ́jú kó tó kú. Ó ní ìgbà tí òun rí ètò náà lòun mọ̀ pé àìsàn tó pa ojú bàbá òun ní orúkọ, pé ó sì máa ń tọ ẹbí. Ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n bá a níbẹ̀rẹ̀, oògùn tí wọ́n ń kán sójú ti tó fún un. Nọ́ọ̀sì kan sì sọ fún mi pé lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé e jáde, èrò pọ̀ nílé ìwòsàn ojú, wọ́n ń béèrè àìsàn "ìyá orí tẹlifíṣàn". Mo bi Tàófíìkì bóyá ì bá wò ó ká ní dókítà ló ń sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, kí n má purọ́ fún yín, torí Ẹniọlá ni mo ṣe dúró wò ó."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ bú nǹkan tó gba ojú ọmọ ọlọ́mọ là? Síbẹ̀, báwo ni màá ṣe yìn ín, tó jẹ́ pé ojú Ìyá Rájí la fi rà á, tí ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ tà? Bóyá àwọn gbajúmọ̀ yìí wúlò. Bóyá ẹkún wọn ń ta àwọn ènìyàn jí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún wa pé ẹkún lásán ni àwọn mú wá, ká má baà ká aṣọ funfun wa nílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí ni Kọ́lá tún pè. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ apá kejì, wọ́n fẹ́ fi "ìlọsíwájú" Ìyá Rájí hàn, Ẹniọlá á tún wá. Mo bú u débi tí mi ò mọ̀ pé mo mọ irú èébú bẹ́ẹ̀, mo pa fóònù. Àṣé Ìyá Rájí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní, "Pe ọmọ yẹn padà."

Mo ní, "Ìyá, ẹ má dá wọn lóhùn. Wọ́n tún fẹ́ lò yín ni."

Wọ́n ní, "Kí wọ́n lò mí. Tàófíìkì ò mọ̀ kó tó rí mi. Àwọn mìíràn ṣì wà tí wọn ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n pálọ̀ mi ni màá jókòó sí, léèsì mi ni màá wọ̀, èmi ni màá fi ẹnu ara mi sọ pé wọn ò ṣe é, àti ọjọ́ tí ojú fi lọ. Bí wọ́n bá gé e kúrò, kí wọ́n má wá mọ́."

Mo pè é padà. Ó lọ bi ọ̀gá rẹ̀, wọ́n gbà, ó kàn béèrè bóyá mọ́mì á lè sunkún díẹ̀. Mo wọlé lọ sọ fún Ìyá Rájí pé ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni, àti pé Ẹniọlá ń bọ̀ dájú.

Wọ́n ní, "Kó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún un kó jókòó sí apá òsì mi. Ìjọ́sí, apá ọ̀tún ni wọ́n gbé e sí. Gbogbo bó ṣe jókòó tì mí yẹn, mi ò rí ojú ẹ̀. Ẹkún ni mo kàn ń gbọ́."

Mariyah, mo wà níbẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ náà títí wọ́n fi kó ẹrù wọn lọ. Èmi ni mo bá wọn gbé àga rẹ̀ sí apá ọ̀tún yẹn.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Àlhájà Àlímọ̀t ní kí n kí ọ, Khairiyyah náà ń kí ọ, Ìyá Rájí sì ní kí o wá kí àwọn kí ojú kan tó kù yìí tó gbàgbé ojú rẹ. Bí o bá lè ráyè, wá kí ọjọ́ Sátidé yẹn tó pé.

Tìrẹ ni èmi, bí inú tilẹ̀ ń bí mi,

Taslimah